Ọ̀ràn Akọ Ìbẹ́pẹ àti Abo Ìbẹ́pẹ

Kò sí ẹnì kan nínú yín tí kò mọ igi ìbẹ́pẹ. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ń gbé, lẹ́bàá ibi tí a ń da omi àwo nù. Ẹyẹ a sì máa bá wa gbìn ín nígbà tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn án rárá. Nítorí pé kò gba wàhálà lọ́wọ́ ẹni, a kì í kà á sí. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà nínú rẹ̀ tí ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀, èyí náà ni a sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí.

Ní àdúgbò tí èmi tí ń kọ̀wé yìí gbé dàgbà, ìyá kan wà tí ó ra ìbẹ́pẹ kan ní ọjà. Èso náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá yìí fi sá kóró rẹ̀ sí oòrùn, tí ó sì gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Mẹ́ta ni ó hù dáradára. Ó bomi rin wọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì ń da eérú sí ìdí wọn. Nígbà tí wọ́n tanná, ọ̀kan nínú wọn yọ òdòdó wẹ́wẹ́ sórí ọ̀pá gígùn tí ó rọ̀ wálẹ̀. Òórùn rẹ̀ dùn ní àṣálẹ́, ṣùgbọ́n kò so. Àwọn méjì yòókù so èso roboto mọ́ ara igi.

Ní ọdún kejì, baálé ilé náà bínú sí igi tí kò so. Ó ní ńṣe ni ó kàn ń jẹ ilẹ̀ lásán. Àwọn baba wa a máa wí pé akọ igi kì í ṣoje. Ṣùgbọ́n bí àdá ti kan akọ ìbẹ́pẹ náà ni oje funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lára rẹ̀, ó sì wó lulẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn abo méjèèjì ń gbọn òdòdó wọn dànù. Ìwọ̀nba èso tí ó kù lórí wọn kéré, kò sì ní kóró nínú. Àwọn ará ilé ní ọwọ́ àwọn ọ̀tá ni ó wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nínú ilé yìí kan náà. Ìyàwó ọmọ wọn ti bí ọmọbìnrin mẹ́rin léra wọn, ìyá ọkọ rẹ̀ a sì máa sọ ọ́ sí i létí pé ikùn rẹ̀ kò mọ̀ ju abo lọ. Ọmọdé ni mo jẹ́ nígbà náà. N kò mọ̀ pé ọ̀ràn igi àti ọ̀ràn ìyàwó yìí sún mọ́ ara wọn ju bí a ti lè rò lọ. Ẹ jẹ́ kí a tú u wò ní ẹsẹ̀ ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ Òdòdó

Òdòdó kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Inú rẹ̀ ni igi ti ń bímọ. Apá akọ inú rẹ̀ ni àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí ó ru lẹ́búlẹ́bú. Apá abo ni ilé-èso kékeré tí ó wà láàrin, tí ó ní ẹnu tí ó fi ń gba lẹ́búlẹ́bú náà. Bí afẹ́fẹ́ tàbí kòkòrò bá gbé lẹ́búlẹ́bú dé ẹnu ilé-èso, kóró a bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú rẹ̀, ilé-èso náà a sì wú di èso tí à ń jẹ.

Ọ̀mọ̀wé Rudolf Jakob Camerarius, ní ìlú Tübingen ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi ìdánwò fi èyí hàn gbangba ní ọdún 1694. Ó kíyèsí abo igi kan tí a ń pè ní mulberry, tí kò ní akọ nítòsí. Igi náà so, ṣùgbọ́n kóró inú èso rẹ̀ kò lè hù. Ẹ ha rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ìyá wa yìí, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú ohun tí ọkùnrin yìí rí ní ọdún tí ó ju 300 lọ sẹ́yìn? Kò sí ọ̀tá kankan nídìí rẹ̀. Ọkọ àwọn igi náà ni a gé lulẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ohun ọ̀gbìn ń gbà pín iṣẹ́ yìí. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn ní akọ àti abo nínú òdòdó kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni ilá rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀wà. Àwọn mìíràn ní òdòdó akọ àti òdòdó abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n orí igi kan náà ni wọ́n wà. Àgbàdo ni àpẹẹrẹ èyí: ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ ni akọ, ọmọ tí ó pọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú irùn rẹ̀ ni abo. Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn tí akọ wà lórí igi tirẹ̀, tí abo sì wà lórí igi tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin àti obìnrin. Irú èyí kò pọ̀. Nínú 100 irú ohun ọ̀gbìn tí ń tanná, bí 5 tàbí 6 péré ni. Ìrókò wà lára wọn, isu wà lára wọn, ìbẹ́pẹ náà sì wà lára wọn.

Ìbẹ́pẹ Mẹ́ta

Ìbẹ́pẹ inú igbó ní ìlú ìbílẹ̀ rẹ̀, èyíinì ni ìhà gúúsù ilẹ̀ Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà Àárín, akọ àti abo nìkan ni ó ní. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń gbìn sí oko àti ẹ̀yìnkùlé ní irú kẹta. Ó yẹ kí olúkúlùkù ilé mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ sí ara wọn.

Akọ ni èyí tí òdòdó rẹ̀ kéré tí ó sì pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí ọ̀pá gígùn. Ọ̀pá lẹ́búlẹ́bú mẹ́wàá ni ó wà nínú òdòdó kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ilé-èso inú rẹ̀ kò dàgbà.

Abo ń tanná mọ́ ara igi gan-an. Òdòdó rẹ̀ tóbi, ilé-èso inú rẹ̀ ṣù roboto, kò sì ní ọ̀pá lẹ́búlẹ́bú kan ṣoṣo. Èso rẹ̀ a máa rí roboto tàbí bí ẹyin. Inú rẹ̀ a fẹ̀, ẹran ara rẹ̀ a sì fẹ́lẹ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ó máa pè ní takọtabo. Nínú òdòdó rẹ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pá lẹ́búlẹ́bú àti ilé-èso gbé wà pọ̀, nítorí náà ó lè dá so láìsí akọ nítòsí. Èso rẹ̀ gùn, ẹran ara rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ kò sì fẹ̀ púpọ̀. Èyí ni àwọn oníṣòwò ń wá kiri. Irú kan tí a ń pè ní Solo, tí a gbé láti erékùṣù Barbados lọ sí Hawaii ní ọdún 1911, takọtabo ni, òun ni ó sì sọ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ di olówó ìbẹ́pẹ.

Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé abo kì í yí padà, ṣùgbọ́n akọ àti takọtabo a máa ṣe ségesège nígbà mìíràn. Bí ooru bá mú púpọ̀, takọtabo lè máa tanná bí akọ, kí ó má so fún ìgbà díẹ̀. Bí òtútù bá pọ̀, èso rẹ̀ lè wọ́. Akọ pàápàá a máa so èso díẹ̀ sí ìpẹ̀kun ọ̀pá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi gbàgbọ́ pé bí a bá kan ìṣó mọ́ akọ ìbẹ́pẹ, tàbí bí a bá gé orí rẹ̀, yóò di abo. Àwọn kan ṣe é, igi náà sì so. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá igi náà kò yí padà, ẹni tí ó bá sì gbé ìrètí lé ìṣó, ìṣó rẹ̀ ni yóò bàjẹ́.

Ibi Tí Àṣírí Náà Gbé Wà

Ta ni ó wá ń yan èyí tí yóò jẹ́ akọ, èyí tí yóò jẹ́ abo, àti èyí tí yóò jẹ́ takọtabo? Ṣé ilẹ̀ ni, tàbí omi, tàbí ọwọ́ ẹni tí ó gbìn ín? Rárá o. Kí kóró náà tó kan ilẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti parí.

Nínú ara gbogbo ohun alààyè, àwọn fọ́nrán kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní kúrómósómù. Lára wọn ni a kọ ohun tí ọmọ yóò jogún lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ sí. Ìbẹ́pẹ ní 18: mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyá, mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ baba, tí wọ́n fi ń rìn ní méjì-méjì. Méjì kan nínú wọn ni ó ń pín akọ àti abo.

Ní ọdún 1938, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tí ọ̀nà wọn jìn sí ara wọn, Hofmeyr ní Gúúsù Áfíríkà àti Storey ní Hawaii, gbìn kóró ìbẹ́pẹ púpọ̀, wọ́n sì ń ka iye akọ, abo àti takọtabo tí ó ń jáde. Ìṣirò wọn bá ara mu. Ní ọdún 2004, àwọn ọ̀mọ̀wé tí Ray Ming wà lára wọn wá fi hàn pé ìbẹ́pẹ ní kúrómósómù akọ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ní i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìbẹ́pẹ kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pe ti abo ní X, ti akọ ní Y.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé àwọn ọmọ wa, ẹ fi wé owó ẹyọ. Ìyá ní owó ẹyọ méjì lọ́wọ́, X àti X, tí wọ́n dọ́gba. Baba ní méjì tí kò dọ́gba, X àti Y. Òbí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní ẹyọ kan. Èyí tí ìyá yóò fún un kò lè ju X lọ, nítorí kò ní òmíràn. Bí baba bá fún un ní X pẹ̀lú, ọmọ náà ní X méjì, ó di abo. Bí baba bá fún un ní Y, ó di akọ. Nítorí náà, nínú kóró tí ó wà nínú ìbẹ́pẹ roboto tí akọ ta lẹ́búlẹ́bú sí, bí ìdajì yóò jẹ́ akọ, ìdajì yóò sì jẹ́ abo. Lẹ́búlẹ́bú baba ni ó sì pín wọn bẹ́ẹ̀.

Takọtabo ńkọ́? Òun náà ní X kan, ó sì ní irú Y kan tí ó fi díẹ̀ yàtọ̀, tí wọ́n ń kọ ní Yh. Iṣẹ́ méjì ni Y akọ ń ṣe: ó jẹ́ kí ọ̀pá lẹ́búlẹ́bú dàgbà, ó sì ń dá ilé-èso dúró kí ó má baà dàgbà. Yh ṣì ń ṣe iṣẹ́ kìíní. Iṣẹ́ kejì ni kò ṣe mọ́. Bí ìdènà náà ti kúrò ni ilé-èso rí àyè dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá lẹ́búlẹ́bú, òdòdó náà sì di takọtabo.

Ohun ìyanu kan ṣì kù. Bí takọtabo bá ta lẹ́búlẹ́bú sí ara rẹ̀, à bá retí pé nínú ìpín mẹ́rin, ọ̀kan yóò gba X méjì, méjì yóò gba X pẹ̀lú Yh, ọ̀kan yóò sì gba Yh méjì. Ṣùgbọ́n èyí tí ó gba Yh méjì kì í yè. Nínú èso ni ó ti ń kú kí ó tó di kóró. Nítorí náà mẹ́ta ni ó kù: takọtabo méjì, abo kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní gbogbo ìgbà. Láìsí X, kò sí ìbẹ́pẹ tí ó lè wà láàyè. Láìsí Y, ìbẹ́pẹ lè wà, ìdajì wọn sì ń fi hàn wá lójoojúmọ́.

Ọwọ́ Àwọn Àgbẹ̀ Àtijọ́

Láti ibo ni Yh ti wá, nígbà tí ìbẹ́pẹ inú igbó kò ní takọtabo? Ní ọdún 2015, àwọn ọ̀mọ̀wé tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú èyí tí wọ́n fi Y akọ 24 láti inú igbó wé Yh takọtabo 12 láti oko. Wọ́n rí i pé méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: nínú ohun 1,000 tí a kọ sí ara wọn, bí mẹ́rin péré ni ó yàtọ̀. Y inú igbó pín sí ìdílé mẹ́ta, Yh sì jọ ọ̀kan nínú wọn jù lọ, èyí tí wọ́n rí lára àwọn akọ ìbẹ́pẹ ìhà àríwá etí òkun Pàsífíìkì ní ilẹ̀ Costa Rica nìkan.

Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn ni Yh ya kúrò lára Y, ní àkókò tí ọ̀làjú àwọn Maya ń gbérí ní Amẹ́ríkà Àárín. Láti ìgbà pípẹ́ ṣáájú èyí ni àwọn ènìyàn ilẹ̀ wọ̀nyẹn ti ń dáko. Èyí mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ọwọ́ àgbẹ̀ ni ó sọ takọtabo di ohun tí ó gbilẹ̀. A lè fi ojú inú wo bí ó ti rí: àgbẹ̀ kan rí igi kan láàrin àwọn akọ rẹ̀ tí ó ń so èso gígùn tí ó nípọn lára, kò gé e, ó gbin kóró rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbin kóró èyí náà. Kò sí ìwé lọ́wọ́ wọn, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn ohun tí ń jẹ́ kúrómósómù. Ojú àti sùúrù ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọ̀rúndún 16, àwọn ará Sípéènì àti àwọn Potogí gba irúgbìn náà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé e káàkiri ayé, títí ìbẹ́pẹ fi di ará ilé wa, tí ó sì ní orúkọ tirẹ̀ ní èdè wa.

Ṣùgbọ́n ohun tí a yàn ní iye tí ó ń náni. Nítorí pé láti ọ̀dọ̀ igi díẹ̀ ni Yh ti wá, oríṣiríṣi inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti Y inú igbó. Bákan náà, títí di òní, pẹ̀lú 4,000 ọdún tí ó ti kọjá, àgbẹ̀ tí ó bá gbin kóró takọtabo yóò máa rí abo nínú ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, nítorí kò sí ẹni tí ó lè rí igi tí ó ní Yh méjì láti fi ṣe irúgbìn. Ìdẹkùn tí ó wà nínú igi náà nìyí, agbára àdá àti ọkọ́ kò sì tó láti já a.

Ìmọ̀ràn fún Ilé

Ẹ̀kọ́ tí kò bá wúlò ní ẹ̀yìnkùlé kò tíì pé. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí lò báyìí.

Èkíní, ẹ má ṣe gbin ìbẹ́pẹ kan ṣoṣo kí ẹ sì gbé ìrètí lé e. Ẹ gbin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ojú kan, kí ẹ sì ní sùúrù títí wọn yóò fi tanná, èyí tí ó máa ń gbà tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni kí ẹ tó yan èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá takọtabo, tí ó sì gbin kóró takọtabo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú ojú mẹ́ta, ọ̀kan yóò já a kulẹ̀. Bí ó bá gbin méjì sí ojú kan, ó di ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án. Bí ó bá gbin mẹ́ta, ó di ọ̀kan péré nínú 27.

Èkejì, ẹ wo èso tí ẹ ó mú kóró rẹ̀. Èso roboto, ti abo ni. Bí akọ ni ó ta sí i, ìdajì ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́ akọ. Bí takọtabo ni ó ta sí i, ìdajì yóò jẹ́ takọtabo, ìdajì yóò jẹ́ abo, kò sì ní sí akọ kankan. Èso gígùn, ti takọtabo ni. Bí ó bá ta sí ara rẹ̀, méjì nínú mẹ́ta yóò jẹ́ takọtabo. Ṣùgbọ́n bí akọ bá wà nítòsí tí ó sì ta sí i, ìdá mẹ́ta yóò jẹ́ akọ, ìdá mẹ́ta abo, ìdá mẹ́ta takọtabo. Ẹni tí ó bá fẹ́ irúgbìn tí ó dájú, kí ó fi àpò bébà bo òdòdó takọtabo kí ó tó là, kí ó sì ṣí i nígbà tí èso bá ti ń dì.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ pé abo nìkan ni ẹ ní, tí kò sì sí takọtabo ní àdúgbò, ẹ má ṣe gé gbogbo akọ. Akọ kan tó fún abo mẹ́wàá. Kì í so, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni baba gbogbo èso tí ẹ ń jẹ.

Lóde òní, àwọn ilé ìwádìí lè mú ewé kékeré lára ọmọ ìbẹ́pẹ, kí wọ́n sì sọ bóyá akọ ni tàbí abo kí ó tó tanná. Fún àgbẹ̀ ńlá, èyí a máa dín ìnáwó kù. Fún ẹ̀yìnkùlé tiwa, sùúrù ṣì ni ewé wa.

Isu Yàtọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀dá ń gbà, ẹ jẹ́ kí a kúrò ní ẹ̀yìnkùlé lọ sí oko isu. Isu funfun náà ní akọ àti abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í bìkítà, nítorí èbù ni wọ́n ń gbìn, kì í ṣe kóró. Èbù tí a gé lára isu akọ, isu akọ ni ó sábà máa ń jẹ́. Àwọn isu mìíràn kì í tilẹ̀ tanná rárá.

Ẹni tí ó ń fẹ́ irú isu tuntun ni ọ̀ràn náà kàn, nítorí òun gbọ́dọ̀ mú lẹ́búlẹ́bú akọ wá sí òdòdó abo. Ní ọdún 2017, àwọn ọ̀mọ̀wé ilé ìwádìí IITA tí ó wà ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Jàpáànì, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àjogúnbá isu funfun. Wọ́n rí ibi tí ó ń pín akọ àti abo, wọ́n sì rí ọ̀nà láti dá wọn mọ̀ nígbà tí isu ṣì jẹ́ ọmọ kékeré. Ohun tí wọ́n rí yí ti ìbẹ́pẹ po: nínú isu, abo ni ó ní owó ẹyọ méjì tí kò dọ́gba, akọ ni ti rẹ̀ dọ́gba. Nítorí náà, nínú isu, ìyá ni ó ń pín in.

Isu yìí kò ti òkè òkun wá bí ìbẹ́pẹ. Ìwádìí kan ní ọdún 2019 fi hàn pé inú isu igbó kan ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ti mú isu funfun jáde, ní agbègbè odò Ọya, láàrin ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Òmíràn ní ọdún 2020 sọ pé irú méjì ni ó pàdé láti bí i, ọ̀kan láti inú igbó kìjikìji, ọ̀kan láti inú ọ̀dàn. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kan ṣì máa ń wú isu inú igbó wá sí oko, wọn a sì máa tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún títí yóò fi dà bí isu ilé. Iṣẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà Àárín ṣe lára ìbẹ́pẹ, àwọn baba tiwa náà ṣe irú rẹ̀ lára isu.

Ọ̀rọ̀ Tí Ó Kan Ìdílé

Níkẹyìn, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti akọ àti abo, ìbẹ́pẹ ni ènìyàn jọ, kò jọ isu. Ní ọdún 1905, obìnrin ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Nettie Stevens, wo inú kòkòrò kan tí ń jẹ ìyẹ̀fun, ó sì rí i pé irú àtọ̀ méjì ni akọ rẹ̀ ń mú jáde, èyí tí ń bí akọ àti èyí tí ń bí abo. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ènìyàn. Obìnrin ní X méjì. X nìkan ni ó lè fún ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin ní X àti Y; èyí tí ó bá fún ọmọ ni yóò sọ bóyá ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin ni.

Nítorí náà, ẹni tí ń bú aya nítorí pé ọmọbìnrin ni ó ń bí, ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí kò sí ní ọwọ́ rẹ̀ rí. Ẹ má ṣe tìtorí èyí yí ẹ̀bi náà sórí ọkọ, nítorí ọkọ pàápàá kò yan èyí tí yóò fún ọmọ. Ó kàn ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ni, gẹ́gẹ́ bí owó ẹyọ tí a jù sókè. Ẹni tí ó ti bí ọmọbìnrin mẹ́rin kò sì sún mọ́ ọmọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí i, ju ẹni tí kò tíì bí rárá lọ.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sùn. Mo tún kọjá ní àdúgbò náà láìpẹ́ yìí. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí a fi ń gún ìyá wọn lára nígbà náà, àwọn ni wọ́n tún òrùlé ilé náà ṣe, àwọn ni wọ́n sì ń tọ́jú baba wọn tí ó ti darúgbó. Ní ẹ̀yìnkùlé, ìbẹ́pẹ mìíràn ti hù ní ibi tí èyí àtijọ́ wà. Abo mẹ́ta ni, èso wọn kún fọ́fọ́. Akọ kan sì wà ní ẹ̀bá ògiri, tí òdòdó rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, tí kò so. Kò sí ẹni tí ó gé e.